Ẹ kó ẹrù jáde ná: bí a ṣe ń gba fáìlì là lọ́wọ́ háàdì tó ń kú lọ

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ya fọ́tò ládùúgbò wa n'Íbàdàn ló gbé háàdì (hard disk) rẹ̀ wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Àwòrán ìkómọjáde, ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà tó ti yà fún ọdún mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, kò sì ní òmíràn níbì kankan. Láti ọjọ́ Ẹtì ló ti ń lọ́ra. Tó bá tẹ fódà kan, á dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó ṣí. Ẹnì kan wá ní kó jẹ́ kí Windows tún un ṣe, ló bá fi CHKDSK, ètò àtúnṣe háàdì tó wà nínú Windows, sí i lórí, ó sì fi í sílẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, fódà méjì ti pòórá.

N kò bá a wí, torí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ilé tí ògiri rẹ̀ ti ń sán, tí òrùlé rẹ̀ ti ń ké, a kì í pe bíríkìlà sí i nígbà tí ẹrù ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹrù la máa ń kọ́kọ́ kó jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni háàdì tó ń kú lọ: kíkà ni kí ẹ kà á, ẹ má kọ nǹkan kan sí i, ẹ má sì tún un ṣe. Àtúnṣe tó bá wà, orí háàdì tuntun la ti máa ṣe é.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti ń kú

Háàdì tí mò ń sọ ni èyí tó ní àwo tó ń yí nínú rẹ̀, ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan. Orí tó ń ka àwo yìí kì í fara kàn án. Ó ń fò lókè rẹ̀ ni, àlàfo tó wà láàárín wọn kò sì tó eruku kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bó bá já bọ́ láti orí tábìlì, ó lè parí. Ìdí nìyẹn náà tí a kò fi gbọdọ̀ ṣí ìdérí rẹ̀ nínú yàrá tàbí ní ṣọ́ọ̀bù.

Ìlọ́ra ló sábà máa ń ṣáájú. Lẹ́yìn náà, fáìlì kan á kọ̀ kò ní ṣí, kọ̀ǹpútà á dì pa nígbà tí ẹ bá ń kọ́pì nǹkan, tàbí kí háàdì náà pòórá lójú kọ̀ǹpútà, kó tún padà wá. Tí ẹ bá ń lo Windows, ẹ gbé CrystalDiskInfo wálẹ̀, ètò tó ń yẹ ìlera háàdì wò, ọ̀fẹ́ ni. Tó bá kọ Caution tàbí Bad, ẹ wo ìlà mẹ́ta: 05, C5 àti C6. Ìlà 05 ń ka iye àwọn ojú ibi (sector, ìyẹn àwọn àyè kéékèèké tí à ń kọ nǹkan sí lójú àwo) tí háàdì fúnra rẹ̀ ti pa tì, tó ti fi òmíràn rọ́pò. C5 ń ka àwọn ojú ibi tó gbìyànjú láti kà tí kò rí kà, tí kò sì tíì mọ ohun tó máa ṣe sí wọn. C6 ni àwọn èyí tó ti sọ ìrètí nù lórí wọn. Èmi, C5 ló ń dẹ́rù bà mí jù. Bó bá ti kúrò ní òdo, tó sì ń pọ̀ sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ má ṣe fi dọ̀la.

Ìró ni kí ẹ fetí sí dáadáa. Bí ẹ bá ń gbọ́ kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn láìdẹwọ́, tí kọ̀ǹpútà kò sì rí háàdì náà rárá, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ pé orí tó ń ka àwo náà ló ti bàjẹ́. Ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò sí àṣẹ kan tí ẹ máa tẹ̀ tó máa wo irú ìyẹn sàn, bó sì ṣe ń yí ni orí tó bàjẹ́ náà lè máa họ ojú àwo. Tí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá tó ohun tí à ń náwó lé lórí, àwọn tó ní yàrá tí wọ́n ti sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló lè pààrọ̀ orí náà. Tí owó náà kò bá tíì sí, ẹ fi aṣọ dì í, ẹ gbé e pa mọ́. Háàdì tí a kò fi iná sí kò ní burú ju bó ṣe wà lọ.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún èyí tó ṣì ń yí, tí kọ̀ǹpútà ṣì ń rí, àmọ́ tó ti ń kọ ibì kan kà.

Ohun tí kò gbọdọ̀ kan án

Ẹ má ṣe CHKDSK lórí rẹ̀. Iṣẹ́ CHKDSK ni pé kó mú kí ìwé orúkọ àwọn fáìlì bára mu, kì í ṣe pé kó gba fáìlì là. Orúkọ tí kò bá rí kà, ó lè gé e kúrò kí ìwé náà lè gún. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí fódà méjì ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Bí Windows bá ní òun fẹ́ "Scan and fix", ẹ sọ pé rárá. Bó bá ní kí ẹ fọ́máàtì rẹ̀ kí ẹ tó lè lò ó, rárá náà ni. Ẹ má ṣe fi sọ́fítíwia kankan sínú rẹ̀, kódà èyí tó ní òun ń gba fáìlì là, torí orí àwọn fáìlì tí ẹ ń wá gan-an ló lè jókòó lé.

Ẹ̀gbọ́n bi mí pé, "Àbúrò, wọ́n ní kí n fi sínú fírísà mọ́jú ńkọ́?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ má dán an wò." Ẹ wo ìgò omi tútù tí a gbé jáde láti inú fíríìjì nílẹ̀ wa níbí, bí omi ṣe máa ń là á. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ojú àwo inú háàdì nìyẹn, orí tó ń fò lókè rẹ̀ á sì wọ inú omi.

Ohun tí ẹ máa wá sílẹ̀

Háàdì tuntun tó tóbi tó ti àtijọ́ tàbí tó jù ú lọ ni àkọ́kọ́. Bí méjèèjì bá ń jẹ́ 1 TB, ìwọ̀n wọn gan-an lè fi díẹ̀ yàtọ̀ síra. Tí tuntun bá fi díẹ̀ kéré, ìparí kò ní wọlé. Èmi máa ń ra èyí tó fi ìlọ́po méjì jù ú lọ, kí n má baà ṣe ìṣirò. SSD, ìyẹn èyí tí kò ní àwo tó ń yí, náà dára. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n kọ 16 TB sí lára tí owó rẹ̀ kò tó ti 1 TB. Fláàṣì kékeré ni wọ́n máa ń fi sínú rẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ ọ kó máa purọ́ fún kọ̀ǹpútà. Ẹ fi H2testw, ètò tó ń wò ó bóyá àyè tí wọ́n kọ sí i lára wà lóòótọ́, dán háàdì tí ẹ kò bá dá lójú wò kí ẹ tó kó ẹrù kankan sí i. Bó bá jẹ́ irọ́, á hàn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá okùn tó ń so SATA, ìyẹn ẹnu tí háàdì fi ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, mọ́ USB. Háàdì kékeré ti laptop, ìyẹn 2.5 inch, lè jẹ iná láti ara USB. Ti kọ̀ǹpútà ńlá, ìyẹn 3.5 inch, fẹ́ iná 12 V tirẹ̀, ẹ ra okùn tó ní ṣájà lára. Ẹ wá fláàṣì méjì pẹ̀lú. Ọ̀kan ni ẹ máa fi ètò Rufus kọ Ubuntu sí (Ubuntu ni ètò ọ̀fẹ́ tó ń gbé kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ bíi Windows), kó má kéré sí 8 GB. Bó bá jẹ́ Ubuntu tuntun, 16 GB ló dára. Ìkejì ni ẹ máa fi àkọsílẹ̀ iṣẹ́ sí, màá ṣàlàyé ìyẹn láìpẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Ẹ lo laptop tí bátìrì rẹ̀ lágbára, tàbí kí ẹ so ó mọ́ inverter. 500 GB tó ń rìn ní 100 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á gbà tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 23. Lórí USB 2.0 tó ń rìn ní nǹkan bí 30 MB, ó di wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Háàdì tó ní ara líle nìyẹn o. Èyí tó ń ṣàìsàn lè gba ọjọ́ méjì, mẹ́ta. Kò sí bí iná kò ṣe ní lọ láàárín ìgbà yẹn, a ó sì rí i pé kò ba iṣẹ́ jẹ́.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà àbùjá kan wà. Bí háàdì náà ṣì ń ṣí wéré, tó sì jẹ́ pé fódà kékeré kan péré ni ọkàn yín wà lára rẹ̀, bíi ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ tàbí àkọsílẹ̀ owó, ẹ kọ́pì ìyẹn sórí fláàṣì ná. Bó bá dì lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ wá síbí.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ fi Ubuntu gbé kọ̀ǹpútà dìde

Ẹ má tíì so háàdì tó ń kú. Ẹ ki fláàṣì Ubuntu bọ kọ̀ǹpútà, ẹ tàn án, kí ẹ máa tẹ F12, F9 tàbí Esc bí irú kọ̀ǹpútà yín bá ṣe fẹ́ ẹ, kí ẹ sì yan fláàṣì náà. Nígbà tó bá bi yín, ẹ yan Try Ubuntu. Ẹ má yan Install o.

Ìdí tí mo fi sá fún Windows níbí ni pé bí ẹ bá ti so háàdì mọ́ ọn, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú inú rẹ̀ nìyẹn. Ubuntu náà máa ń fẹ́ ṣí i, ṣùgbọ́n a lè dá a dúró. Ẹ ṣí Terminal, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ, ẹ tẹ:

gsettings set org.gnome.desktop.media-handling automount false

Lẹ́yìn náà, ẹ so íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, ẹ sì tẹ àṣẹ mẹ́ta yìí lọ́kọ̀ọ̀kan:

sudo add-apt-repository universe
sudo apt update
sudo apt install gddrescue

Ètò tó máa bá wa kó ẹrù jáde nìyẹn: gddrescue ni orúkọ tí a fi ń gbé e wálẹ̀, ddrescue la fi ń pè é ṣiṣẹ́. Antonio Diaz Diaz ló kọ ọ́. Ẹ má ṣì í mú mọ́ dd_rescue, iṣẹ́ ẹlòmíràn nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé dd lásán, àṣẹ ìkọ́pì tó wà nínú Ubuntu tẹ́lẹ̀, ti tó. Ibi tí dd bá ti kọ́kọ́ pàdé ojú tó bàjẹ́ ló máa dúró sí. Tí ẹ bá sì fi ipá mú un kọjá, á máa lu ojú egbò kan náà láìmọ ibi tó ti dé. ddrescue máa ń sáré kó àwọn ibi tó dára kọ́kọ́, ó ń fo ibi tó ń dùn ún, á padà wá sí i tó bá yá. Ohun tí èèyàn á ṣe náà nìyẹn nínú ilé tó fẹ́ wó: èyí tó wà létí ilẹ̀kùn ni a kọ́kọ́ ń gbé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ta ni ta ni

Ní ibí yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀. Bí ẹ bá fi orúkọ háàdì kan sí ipò èkejì, òfìfo inú tuntun ni ẹ máa kọ lé ohun tí ẹ ń wá lórí, kò sì sẹ́ni tó lè dá a padà.

Ẹ so háàdì tuntun nìkan, ẹ tẹ:

lsblk -o NAME,SIZE,MODEL,SERIAL

Ẹ kọ orúkọ tó yọ sínú ìwé, ká ní ó jẹ́ sdc. Ẹ kọ nọ́ńbà SERIAL rẹ̀ pẹ̀lú, ó wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ háàdì náà, níwájú S/N. Ẹ wá so àtijọ́, ẹ tún àṣẹ náà tẹ̀, kí ẹ rí orúkọ tuntun tó wọlé, ká ní sdb. Àwọn okùn USB kan máa ń fi nọ́ńbà yìí pa mọ́, ìdí tí mo fi ní kí ẹ so wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ẹ rántí pé orúkọ lè yí padà nígbàkigbà tí ẹ bá yọ okùn tí ẹ tún so ó. Bí ẹ bá tún un so, ẹ tún un wò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìkójáde àkọ́kọ́

Ẹ ki fláàṣì kejì bọ̀ ọ́, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ nínú Files kó lè ṣí, ẹ tẹ ìhà ọ̀tún máòsì sínú rẹ̀, kí ẹ sì yan Open in Terminal. Nínú fèrèsé tó ṣí yẹn ni kí ẹ ti tẹ:

sudo ddrescue -f -n /dev/sdb /dev/sdc egbon.map

Orúkọ àkọ́kọ́ ni ibi tí à ń kó kúrò, ìkejì ni ibi tí à ń kó lọ. Ẹ fi ìwé tí ẹ kọ wé e kí ẹ tó tẹ Enter. Ohun tí -f ń ṣe ni pé ó ń fún un láyè láti kọ sórí odindi háàdì. -n ń sọ fún un pé kó má tíì lọ máa ha àwọn ibi tó bàjẹ́.

egbon.map ni àkọsílẹ̀ tí mo ṣèlérí. Inú rẹ̀ ni ddrescue ń kọ ibi tó ti kó, ibi tó fò àti ibi tó kọ̀ sí. Òun ló fà á tí iná fi lè lọ láìsí pé iṣẹ́ bàjẹ́: bí iná bá dé, ẹ tún àṣẹ kan náà tẹ̀ nínú fláàṣì kan náà, á sì bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé. Tí ẹ bá fi àkọsílẹ̀ yìí sórí Desktop Ubuntu tó ń ṣiṣẹ́ láti ara fláàṣì, á pòórá pẹ̀lú iná. Mo ti ṣe àṣìṣe yẹn rí, mo sì pàdánù iṣẹ́ odindi òru kan.

Lójú Terminal, ẹ máa rí pct rescued tó ń lọ sókè, current rate tó ń sọ bó ṣe ń yára sí, àti read errors. Bí ìyára bá já wálẹ̀ láti 80 MB sí ìwọ̀nba kB, ẹ má bẹ̀rù, ó ti dé ojú egbò ni, á fò ó. Ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ tí time since last successful read ń pọ̀ sí i, ẹ tẹ Ctrl+C. Á dúró wẹ́rẹ́. Ẹ pa háàdì náà, ẹ jẹ́ kó tutù fún wákàtí kan, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀. Tó bá tún há síbẹ̀, ẹ fi -R kún àṣẹ náà kó máa kà á láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ti ẹ̀gbọ́n há ní 61%. Láti ẹ̀yìn ni mo gbà tí mo fi rí èyí tó kù.

Ooru náà ń pa á. Ẹ má gbé e sórí tìmùtìmù. Ẹ gbé e sórí pákó, kí fáànù máa fẹ́ sí i lára. Bó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ kò lè fọwọ́ lé e pẹ́, ẹ dá a dúró.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìpadàbọ̀ sójú egbò

Nígbà tó bá sọ pé òun ti parí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ní èyí tó pọ̀ jù lọ lọ́wọ́. Ìgbà yìí gan-an la tó padà sí ibi tó le:

sudo ddrescue -f -d -r3 /dev/sdb /dev/sdc egbon.map

-d ní kó ka háàdì náà tààrà, kó má gba inú ìrántí Ubuntu kọjá. -r3 ní kó gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta lórí ibi kọ̀ọ̀kan. Mi ò kì í kọjá mẹ́ta, torí ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan ń jẹ lára ẹ̀mí tó kù fún un, èrè rẹ̀ sì ń kéré sí i. Nínú 1 TB ẹ̀gbọ́n, nǹkan bí 40 MB ló kọ̀ jálẹ̀. Mo sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: orí háàdì tuntun

Ẹ pa kọ̀ǹpútà. Ẹ yọ háàdì àtijọ́ kí ẹ tó padà sí Windows. Àdàkọ gan-an ni tuntun jẹ́, àmì ìdánimọ̀ wọn kan náà ni, bí Windows bá sì rí méjèèjì pọ̀, á gbé ọ̀kan sí Offline, ìyẹn ni pé kò ní ṣí i.

Ẹ ṣí tuntun. Bí fódà bá hàn, ẹ kọ́pì àwọn tó ṣe pàtàkì síbòmíràn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀yìn ìyẹn ni CHKDSK tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ká ní E ni orúkọ rẹ̀, ẹ ṣí Command Prompt nínú Windows pẹ̀lú Run as administrator, ẹ tẹ:

chkdsk E: /f

Ẹ má kàn gbà pé fáìlì tó hàn ti pé. Ẹ ṣí wọn wò. Àwòrán tí ojú egbò wọ inú rẹ̀ lè ṣí dé ìdajì, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ eérú lásán. Bí fódà kò bá hàn rárá, ètò TestDisk lè wá ìpín (partition) tó sọnù. Bó bá jẹ́ pé CHKDSK ti gé orúkọ wọn bíi ti ẹ̀gbọ́n, PhotoRec ni kí ẹ lò. Iṣẹ́ Christophe Grenier ni àwọn méjèèjì, ọ̀fẹ́ sì ni. PhotoRec kì í wo orúkọ, bí inú fáìlì ṣe rí ló fi ń dá a mọ̀. Nítorí náà, àwòrán á padà wá, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni wọ́n á máa jẹ́, fódà wọn á sì ti tú. Ẹ jẹ́ kó kó wọn sórí háàdì mìíràn, kò gbọdọ̀ jẹ́ orí èyí tó ń ṣàyẹ̀wò. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ̀gbọ́n fi jókòó to àwòrán inú fódà méjì yẹn padà, ó ń fi ọjọ́ tí kámẹ́rà kọ sínú wọn dá òde mọ̀ sí òde.

Tó bá jẹ́ pé inú laptop ni háàdì náà wà, tí Windows sì wà lórí rẹ̀, ẹ fi tuntun sí àyè rẹ̀, á gbéra bó ṣe máa ń gbéra. Bí BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti háàdì pa, bá béèrè kọ́kọ́rọ́ ẹyọ nọ́ńbà 48, ẹ lọ wò ó nínú àkáǹtì Microsoft tí ẹ fi ṣí kọ̀ǹpútà náà. Àyè tó ṣẹ́ kù lórí háàdì tó tóbi jù, ẹ lè fi Extend Volume nínú Disk Management fà á mọ́ ọn.

Háàdì àtijọ́

Ẹ má jù ú nù kó tó pé oṣù kan. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹta ni ẹ máa tó rántí fáìlì kan tí kò sí, egbon.map sì ṣì wà lọ́wọ́ yín láti fi gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí oṣù bá pé, ẹ má tà á, ẹ má sì fi tọrẹ fún àwọn tó ń ra ẹ̀rọ bàjẹ́. Fáìlì yín ṣì wà lójú àwo rẹ̀, háàdì tó ń ṣàìsàn kò sì ṣeé pa rẹ́ tán. Ẹ tú ìdérí rẹ̀, kí ẹ ba àwọn àwo náà jẹ́. Ti 3.5 inch sábà máa ń jẹ́ alumíníọ̀mù, ó máa ń tẹ̀. Ti laptop sábà máa ń jẹ́ gíláàsì tó ń fọ́ wẹ́wẹ́, nítorí náà ẹ fi aṣọ tó nípọn wé e, kí ẹ sì fi nǹkan bo ojú yín kí ẹ tó gbé òòlù.